Rachael Oníwèé Ilà Mẹ́ta

Rachael Fáwọlé kò pa ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kó wà nílẹ̀, nítorí ẹ lè pàdé ẹnì kan ní ọjà Ìjerò tó máa sọ fún yín pé obìnrin kan wà ní ìlú wa tó ń fi bírò pa ènìyàn. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà, mo sì máa ń dá irọ́ mọ̀ tí mo bá ti gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi náà gba irọ́ yìí gbọ́ fún bí oṣù méjì.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò ní kíláàsì karùn-ún. Lọ́jọ́ kan mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó rìn wá sídìí tábìlì mi, ó ní, “Sà, méje ni mo gbà, ẹ ṣì í kà.” Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá máàkì tó máa pàdánù! Mo sọ fún ìyá rẹ̀, Àpọ̀kẹ́, pé ọmọ yìí ò lè ṣe òṣèlú láéláé. Àpọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kó má ṣe é, kó ṣáà ti mọ gààrí í dín.

Gààrí ni iṣẹ́ Àpọ̀kẹ́. Ìlú wa wà lọ́nà Ìjerò sí Ayétòrò, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ń ṣe gààrí ní ilé-iṣẹ́ kékeré lẹ́yìn ọjà. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ wà níwájú, agbada mẹ́rin tò sẹ́yìn, agbada kẹta sì jẹ́ ti Àpọ̀kẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ibẹ̀. Priscilla ni alága. Èmi ni akọ̀wé, nítorí wọ́n ń fẹ́ ẹni tó lè kọ Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Adó. Rachael, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì báyìí, tó ti ṣe ìyá Ayọ̀mikún, ló ń wọn gààrí.

Ìwọ̀n yìí ló bí gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ra gààrí wa ní ó máa ń hu olú nínú àpò, wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣínà láti Ìbàdàn pé kó wá kọ́ wa bí a ṣe máa ṣọ́ ọ. Ohun tó kọ́ Rachael rọrùn. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, yóò bu gààrí nínú agbada kọ̀ọ̀kan, yóò wọn ọgọ́rùn-ún gíráàmù lórí sikéèlì kékeré, yóò tún un dín lórí sítóòfù títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ tán, yóò sì tún un wọ̀n. Ohun tó bá dín kù, omi ni, omi ló sì ń mú olú hù. Yóò kọ iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò rò wọ́n pọ̀, yóò pín in sí mẹ́rin, yóò sì fi bírò pupa kán àmì kan sórí pépà ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé, torí èéfín ti ba ògiri jẹ́.

Ilà mẹ́ta ló wà lórí pépà náà. Ilà àárín ni ibi tí gààrí wa máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ilà òkè àti ilà ìsàlẹ̀ ni ààlà. Gààrí kì í rí bákan náà lójoojúmọ́, bí ènìyàn náà kì í ti í jí bákan náà, àmọ́ tí kò bá sí nǹkan tó yí padà, àmì kì í sábà kọjá ààlà yẹn. Tó bá wá kọjá ńkọ́? Adéṣínà tẹnu mọ́ ọn títí ó fi sú wa. “Ẹ má dúró dọ̀la o. Ní wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè: ẹ̀gẹ́ ni, iná ni, àbí ọwọ́ ta ni?”

Ibo wá ni ilà ti ń wá? Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí nǹkan kan ò dà á rú, kó wá ti inú ohun tó rí fojú dá ilà náà fúnra rẹ̀. Adéṣínà fún wa ní tákàdá tí a máa kọ ọ́ sí. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ “Ohun tó yàtọ̀ lónìí” sí, ibẹ̀ sì jẹ́ tèmi láti máa kọ. Ó ní òun ń bọ̀, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó lọ ni Kábíyèsí wàjà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n bó ṣe ń rí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọba ní àárẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni àwọn ìjòyè ń sọ, ìyẹn náà ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n ọjà ò ná, odó ò gbọdọ̀ dún, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ dún. Ìlú dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ aládùúgbò mi láti orí ibùsùn mi. Àpọ̀kẹ́ nìkan ló ń dáná nílé-iṣẹ́, torí ẹnu ò lè ṣàìjẹun. Ó ń fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń dín in ní agbada kẹta, ọmọ rẹ̀ sì ń bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti inú agbada kan ṣoṣo yẹn. Iná kan, ọwọ́ kan, ẹ̀gẹ́ oko kan. Kí ni kò ní jẹ́ kí iye rẹ̀ jọra bí ìbejì? Èmi akọ̀wé, níbi “Ohun tó yàtọ̀ lónìí,” mo kọ “Kò sí.” Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kọ ọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Kí n fi lẹ́ẹ̀dì pòkìkí ohun tí àwọn ìjòyè ò tíì fẹnu sọ?

Ọ́fíìsì Adéṣínà ń kánjú gba ìròyìn, nítorí náà kò dúró di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí iná ti kú nílé-iṣẹ́. Ó wo iye ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, inú rẹ̀ dùn sí bó ṣe mọ́ tónítóní. Ó béèrè bóyá nǹkan kan yàtọ̀. Priscilla ní, “Kò sí o.” Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ó fa ilà mẹ́ta náà, wọ́n sún mọ́ra débi pé ìka ọwọ́ ò lè gba àárín wọn, ó sì padà sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n kéde, a ṣe ohun tó yẹ ká ṣe, ẹ̀rọ padà dún, agbada mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tún gbiná. Ọjọ́ kẹta ni àmì Rachael kọ́kọ́ fò kọjá ilà òkè. A ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wa. A yẹ ẹ̀gẹ́ wò, a yẹ igi ìdáná wò, a bi gbogbo ọwọ́ léèrè. A ò rí nǹkan kan. Kò sí ìdí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n wá kéde pé Bàbá Awóṣùsì ti kú. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún! Ṣé ó nílò bírò kó tó lè lọ ni? Ṣùgbọ́n ìdí tí a wá títí tí a ò rí, òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá wa yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àmì tún jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú wa, Káyọ̀dé, sì ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Ayétòrò. Kò dìde mọ́. Àmì jáde lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ ọjà sùn, kò jí. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sí ẹni tó béèrè ẹ̀gẹ́ tàbí iná. Ẹni tó máa kú ni wọ́n ń béèrè.

Kí ẹ wá wà ní ilé-iṣẹ́ wa ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀! Ẹ̀rọ á máa dún, àwọn obìnrin á máa ṣàwàdà nínú èéfín, àmọ́ bí Rachael bá ti mú abọ́ rẹ̀ dìde báyìí, gbogbo ẹnu a pa mọ́. Oyin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ a pa á. Igbá nínú agbada nìkan ni ẹ ó máa gbọ́, ṣàà, ṣàà, ṣàà. Yóò wọ̀n, yóò dín, yóò tún wọ̀n. Lẹ́yìn náà gbogbo wa á gbọ́ ẹnu bírò lórí pépà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bírò ń dún.

Àwọn ìyá àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi òróró pa pépà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òróró mu ún, pépà wá mọ́ gaara bí ọ̀rá. Láti ìgbà náà, tí oòrùn bá ti ràn, ẹni tó bá ń kọjá níta ń rí àwọn àmì pupa náà láti ẹ̀yìn, wọ́n so rọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, ilà ò sì hàn. Mo dúró wò ó lọ́jọ́ kan. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Ẹnì kan gbé ẹyin àti epo sẹ́nu ọ̀nà Rachael. Àwọn ìyá ọmọ mìíràn kọ̀ fún ọmọ wọn láti bá Ayọ̀mikún ṣeré. Èmi náà, tíṣà ìṣirò, mo rí i lókèèrè lọ́nà Odò-Ọwà, mo yà sínú oko olóko bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Ó rí mi. Ó kí mi láti ojú ọ̀nà pé, “Tíṣà, ẹ kú ìrìn o,” ó sì ń lọ.

Ó wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò jókòó.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Àmì ti jáde lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Òkú mẹ́fà la sin. Àwọn márùn-ún yòókù, ta ló kú?”

Ẹ wo ìbéèrè! Ìbéèrè tí ó yẹ kí n bi gbogbo ìlú nìyẹn. Mo ní, “Rachael, kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń kà.” Èmi tí mo fi pàṣán kọ́ ọ ní kíkà.

Ó ká ìwé náà. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọwọ́ mi máa ń tutù kí n tó wọ̀n ọ́n, sà. Mo máa ń mọ̀ pé yóò jáde. Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa mi.”

Priscilla, tí kì í ṣe ènìyàn búburú, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Rachael, ukú yìí ti pọ̀ jù ní ulé wa. Ṣé o ò lè kán an sínú ilà ni? Àmì lásán ni ná.”

“Màmá, ibi tó bá wà ni màá kán an sí.”

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn dé. Aago mẹ́wàá lù, bírò dún, mo sì rí i tí ejìká Rachael wálẹ̀. Àmì náà kò wulẹ̀ kọjá ilà òkè. Ó fò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí pépà. Igbá bọ́ lọ́wọ́ Oyin. Gbogbo wa tú ká láìdágbére fún ara wa, oníkálùkù lọ ń ka àwọn ará ilé rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó kú lọ́jọ́ kejì, tàbí lọ́jọ́ kẹta. Ẹ ó rò pé inú wa dùn. Rárá o. Ikú tó ti dé, a mọ ilé tó wọ̀. Èyí ti gbéra, kò sì tíì balẹ̀ níbì kan. Àwọn ènìyàn wọ́ lọ kí bàbá kan tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ débi pé ó fi ọ̀pá lé wọn: “Ukú kò sí ní ulé mi, ẹ lọ wo ulé ẹlòmíràn!” A rẹ́rìn-ín díẹ̀. A sì tún padà sí ìdúró wa.

Ìjọ kéde àwẹ̀. Àpọ̀kẹ́ ti ṣáájú gbogbo wa; láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ló ti kúrò ní ìdí agbada, tó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, tó ní òun ń gbàdúrà fún ọmọ òun, òun ò sì ní jáde títí Ọlọ́run yóò fi wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Oyin bọ́ sí ìdí agbada kẹta. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá fẹ́ ṣínu, Rachael a gbé oúnjẹ lọ, a gbé e sẹ́nu ọ̀nà, tó bá ti lọ tán ni ìyá rẹ̀ máa tó fa abọ́ wọlé, a sì tún ti ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn ní, ẹ ò rí i, ìyá rẹ̀ gan-an mọ nǹkan kan.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ló parí rẹ̀. Wọ́n ní kó tó di Sọ́ńdè, kí Rachael ká pépà rẹ̀, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará ọkọ rẹ̀ ní Odò-Ọwà, kó má padà. Wọ́n lé e kúrò ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú.

Rachael ò sunkún. Ó pe Adéṣínà lórí fóònù, Adéṣínà sì dé ní Sátidé, ọjọ́ kọkànlá sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ó dúró níwájú pépà olóróró yẹn. Ó béèrè tákàdá ọjọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?”

Priscilla ní, “Kò sí.”

Ojú Rachael wà lára mi. Kò bẹ̀ mí, ó kàn ń wò mí. Mo ní, “Ọba ti wàjà. Ẹ̀rọ ò dún. Agbada kan ṣoṣo ló gbiná, ti Àpọ̀kẹ́. Èmi ni mo kọ ‘Kò sí.’”

Adéṣínà jókòó lórí àpò gààrí. Kò bínú sí wa, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Ó ní ọwọ́ Màmá Àpọ̀kẹ́ nìkan ni òun wọ̀n, òun sì fi ọwọ́ ẹnì kan ṣe ààlà fún ọwọ́ mẹ́rin. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí kódà bí nǹkan kan ò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án kéré. “Ilà yìí kì í ṣe òfin Mósè. Àfojúdá ni. Bí ohun tí a wò bá kéré, ilà náà fúnra rẹ̀ ń mì, a ó sì máa rò pé gààrí ló ń mì.”

Ó gba ìwé àkọsílẹ̀ Rachael, ó yan ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí agbada mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbiná, tí a ò sì rí ohunkóhun tó yàtọ̀, ó fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn sílẹ̀, ó ṣírò. Ó lẹ pépà tuntun mọ́ ara ògiri, ó fa ilà mẹ́ta tó jìnnà síra dáadáa. Ó wá ní kí Rachael fúnra rẹ̀ tún gbogbo àmì náà kán. Ó kán ti ọjọ́ Bàbá Awóṣùsì, ó wọnú ilà. Ó kán ti ọjọ́ Káyọ̀dé, ó wọlé. Mọ́kànlá, gbogbo wọn wọlé. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ láwọn ọjọ́ yẹn rárá. Gààrí lásán ni. Priscilla bú sẹ́kún, ó di mọ́ Rachael, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, àwọn kan sì ti ń jó.

Rachael ò jó. Ó ku àmì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kán an. Ó wà lókè ilà.

Adéṣínà ní, “Ẹ dákẹ́ ná. Èyí kì í ṣe irọ́. Kí ni agbada mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ lọ́jọ́ náà?”

Rachael ṣí ìwé. “Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Ogún. Mẹ́sàn-án.” Ó fi ìka sórí ogún yẹn. “Agbada kẹta.”

Orin ti tán. Kò sẹ́ni tó béèrè agbada ta ni, tàbí ọjọ́ tí ọwọ́ tó ń dín in ti sé mọ́ yàrá.

A bá a sáré dé ilé Àpọ̀kẹ́ ní ọ̀sán gangan. Rachael ò kan ilẹ̀kùn, ó fi ejìká tì í. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ àná, ó ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Obìnrin tó na gbogbo ọmọ àdúgbò tó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan! Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn kíá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, kò mira.

“Yèyé mi, láti ìgbà wo?”

“Ìdí agbada ni mo wà. Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé ó bọ́.” Ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu rẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i, ọmọ mi. Wọ́n á ní ìwọ lo jẹ ẹ́.”

Ọkọ̀ tí Adéṣínà gbé wá la fi gbé e lọ sí Ìjerò. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ọmọdébìnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó fi sílẹ̀, ó já lulẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló kan ọpọlọ. Ó ní irú èyí, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, ó sì béèrè, bí ẹni tí kò retí ìdáhùn gidi, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Rachael ní, “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ku díẹ̀ kó lu aago mẹ́wàá òwúrọ̀.”

Dókítà gbójú sókè. “Ẹ mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, mà.”

“Ọjọ́ mọ́kànlá! Kí lẹ wá ń ṣe láti ìgbà náà?”

 Ojú tì mí, mo fẹ́ kí n sọ nǹkan kan, kí n ní àwẹ̀ la gbà, kí n ní a ò mọ̀ pé òun ni, ṣùgbọ́n Rachael ti dá a lóhùn, kò sì tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò wá.

“À ń dúró de ẹni tó máa kú.”